Ẹlẹ́ńgà Kò Tọrọ Agbára

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kọkànlá 2025

Dérébà fi ohùn ránṣẹ́ láti Gàbóòn láàárọ̀. Ó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kọkànlélógún, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni yóò lò. Inú mi dùn títí mo fi gbọ́ ìyókù. Ó ti ra ẹ́ńjìnnì ńlá kan ní Kútọnù. Kí Lukman mẹkáníìkì yọ ti Ẹlẹ́ńgà, kó sì fi èyí rọ́pò kí òun tó dé.

Ẹlẹ́ńgà tèmi. Ọkọ̀ eré kékeré, ìjókòó méjì, òrùlé aṣọ tó ṣeé ká. Tòkunbọ̀ ni, kò wọ́n, kò sì wúwo. Inú rẹ̀ ni Ayọ̀túndé ti máa ń gbé mi lọ sí Ayétòrò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó tó di pé ó di ọkọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Dérébà, orúkọ tí n kò jẹ́ pè é lójú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wálé lọ́dún tó kọjá, ó wa ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti kú sára. Tírélà sìmẹ́ǹtì ń tẹ họ́ọ̀nù mọ́ òun lẹ́yìn. Ó ní agbára ni kò ní.

Agbára. Ṣé agbára ló ń gbé wa lọ nígbà yẹn?

Ọjọ́rú, 5

Ẹ́ńjìnnì dé láti Ìdí-Ìrókò nínú píkọ́ọ̀pù. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sọ̀, wọ́n ń bú ẹni tó ṣe é. Ó wà ní àgbàlá lábẹ́ tapólì. Mi ò fẹ́ rí i.

Ọjọ́bọ̀, 6

Adìẹ ti sọ ọ́ di ibùsùn. Ó kúkú wúlò.

Àbámẹ́ta, 8

Mo wa Ẹlẹ́ńgà lọ sọ́dọ̀ Lukman, bí ẹni ń gbé ọmọ lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ó fi jáàkì gbé ìdí rẹ̀ sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Súpíríìnì tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jó mọ́ ìsàlẹ̀ búùtù. Taya ìpààrọ̀ tó jẹ́ ti píkọ́ọ̀pù.

Mo bi í pé ta ló ṣe èyí. Ó ní òun ni, lọ́dún tí ọkọ mi kọ́kọ́ lọ. Oore ló rò pé òun ń ṣe mí, kò tilẹ̀ gba owó iṣẹ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é níhìn-ín nìyẹn: ọkọ̀ yòówù kó wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti ìdí rẹ̀ le, kó lè ru ìrẹsì bọ̀ láti ẹnubodè. "Àǹtí mi, ọkọ̀ tí ò lè rẹrù, kí la fẹ́ fi ṣe?" Ọkọ̀ ìjókòó méjì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ irú omi tó jẹ́ mọ́.

Ohun tí Dérébà wà lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Kì í ṣe pé kò lágbára, wọ́n dẹrù lé e ni. Mo ní kí Lukman tú gbogbo rẹ̀, kó dá ti àtijọ́ padà. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá á bínú o." Mo ní èmi ni wọn ó bínú sí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo ní pẹ̀lú ọkùnrin yìí — ṣé ìjà ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ọjọ́rú, 12

Ó parí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, mo ká òrùlé, mo gba ọ̀nà Ayétòrò. Ẹlẹ́ńgà jí. Níbi tí ọ̀nà ti yí po, tí àwa méjèèjì ń pè ní Kọ́nà Ìgbín, mi ò tẹ bíréèkì. Bí mo ṣe yí ọwọ́ ló yí. Mi ò sáré púpọ̀, ọkàn mi ló ń sáré.

Mo rò ó títí mo fi délé. Ẹni tó bá fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, bíréèkì kékeré ò ní lè dá a dúró mọ́. Á wá bíréèkì ńlá. Taya á fẹ̀ sí i, epo á pọ̀ sí i. Gbogbo rẹ̀ á wúwo, á sì tún máa wá agbára tí yóò gbé ìwúwo ọ̀hún. Kò lópin. Á tún wọ́n kọjá ti àwa aránṣọ. Níbo la sì ti fẹ́ lò ó? Kòtò níwájú, kọ́sítọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Kéèyàn lo gbogbo ohun tí ọkọ̀ ní, kó sì tó o — adùn rẹ̀ nìyẹn.

Ẹtì, 14

Mo nu ìjókòó kejì lónìí. Kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀.

Ẹtì, 21

Ó dé. Ó rù díẹ̀. Ọṣẹ tó ń lò níbẹ̀ ti yí òórùn ara rẹ̀ padà. Ó rí ẹ́ńjìnnì lábẹ́ tapólì kó tó jókòó. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Lábísí, nǹkan kan péré ni mo ní kí ẹ bá mi ṣe." Ó dùn mí ju kó pariwo lọ.

Àìkú, 23

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní kó wà á ná. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí Lukman ṣe bó ṣe fẹ́ lọ́la. Ó wà á jáde ní Ìlaró. Ó tẹ iná sí i díẹ̀, ó yí jíà, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Ní Kọ́nà Ìgbín ó rẹ́rìn-ín — ẹ̀rín ìjọ́sí, èyí tí fóònù kì í gbé dé ọ̀dọ̀ mi. Tírélà kan tẹ họ́ọ̀nù. Ó yà fún un, ó ní kó máa lọ, kí lòun ń sáré lọ ṣe.

A ra bọ̀ọ̀lì ní Ayétòrò, a jókòó sínú ọkọ̀ jẹ ẹ́. Ó ní, "Ó tó. Èmi ni mo rò pé kò tó." Ìgbà yẹn ni mo sọ ohun tí mo ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí. Mo ní ilé wa náà tó. Yàrá méjì tó, ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó, iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ ní Ìlaró tó. Kó má padà mọ́. Ó jẹ bọ̀ọ̀lì rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Ọdún kan péré sí i, Lábísí. Ká lè lágbára díẹ̀."

Ẹtì, 5 oṣù kejìlá

Ó ti lọ. Ó ní kí Lukman wá ẹni tó fẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, Ẹlẹ́ńgà ò nílò rẹ̀. Mo gbé e dé ẹnubodè Ìdí-Ìrókò. Orí itan ló gbé báàgì lé, torí búùtù ò gbà á. Ó kọjá, ó juwọ́, àwọn ọlọ́kadà sì bò ó mọ́ mi lójú.

Èmi nìkan ni mo wà á bọ̀. Ẹlẹ́ńgà ò fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Òkè tó máa ń fi jíà kejì gùn, jíà kẹta ló fi gùn ún. Kò sí kọ́nà tó dí i lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ eré náà.

Mo dúró lọ́jà ẹ̀bá títì, mo ra ààbọ̀ àpò gàárì, mo gbé e sórí ìjókòó kejì, mo fi bẹ́líìtì dè é. Mo wá ń rọra lọ.

Gàárì ti wà nílé tẹ́lẹ̀.