Garawa Tó Wà Lábẹ́ Síǹkì

Àbíkẹ́yìn mi,

Ó pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì lónìí tí a sin ìyá yín tán tí o wọ ọkọ̀ padà sí ìlú ńlá, tí o ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé wọ́n sì ń sùn lásìkò? Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, omi tí ẹ bá mu kò ní há yín lọ́fun, ilé yín kò sì ní jò, ìbáà ṣe láti òkè, ìbáà ṣe láti ìsàlẹ̀. Mo fi ti ìsàlẹ̀ kún un nítorí ohun tí ojú mi ti rí.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀, pé o ti pè mí títí, fóònù mi kò lọ. Má tíì wọ ọkọ̀. Fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀ ná. Fóònù bọ́ sínú garawa ni, mo sì ti sá a sójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìbọ̀sẹ̀ mi. Àwọn ìbọ̀sẹ̀ ti gbẹ láti àná. Fóònù ni mo ṣì ń retí.

Garawa tí mo ń wí yìí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, èyí aláwọ̀ ewé tó máa ń wà lábẹ́ síǹkì nílé ìdáná, tí ọwọ́ rẹ̀ já tí ìyá yín fi okùn sí i. Láti ìgbà tí o ti lọ ni omi ti ń kún un ní àkúnya, tó ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń gba àárín ilé ìdáná kọjá bí onílé. Ọjọ́ tí mo yọ̀ ṣubú yẹn, ìdí ni mo fi jókòó, kò sí ohun tó ṣe mí, àfi pé aránṣọ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà gbọ́ igbe mi, kí n sì tó dìde ó ti pè ọ́. Obìnrin yẹn, bó bá jẹ́ pé bó ṣe ń yára ròyìn ló ṣe ń yára ránṣọ ni, ṣòkòtò mi ì bá ti jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Ìwọ náà wá bú sẹ́kún lórí fóònù, o ní bí omi náà kò bá dúró kí oṣù tó parí, o ń bọ̀ wá kó mi lọ sọ́dọ̀ rẹ, o ó sì ti ilé yìí pa. Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé yìí ni mo ti mọ ibi tí ìyá yín ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ibi tó ń gbé ìgò iyọ̀ sí, àti ilẹ̀kùn tó máa ń fi ìdí tì bí ọwọ́ rẹ̀ bá kún. N kò lè fi í sílẹ̀ báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi dojú ìjà kọ omi náà.

Owó tí o fi ránṣẹ́ pé kí n fi pe púlọ́mbà, ó wọ inú fóònù lóòótọ́, fóònù dún, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó ti dé, ṣùgbọ́n owó náà kò jáde. Mo dúró títí di ọ̀sán. Ni mo bá gbé fóònù lọ sí báǹkì pé kí wọ́n bá mi yọ ọ́. Wọ́n ní kí n lọ sídìí ẹ̀rọ tó wà lára ògiri níta. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ orí ẹ̀rọ náà gan-an pé kí á má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí wa fún ẹnikẹ́ni, mo sì ní wọ́n ṣeun, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Mo ki káàdì bọ̀ ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà bi mí, nọ́ńbà àṣírí ni! Mo wo ìwé, mo wo ẹ̀rọ. Mo ní n kò sọ. Ó tún bi mí, mo ní n kò sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọbìnrin báǹkì kan jáde wá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ̀rọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Mo ní bí kò bá jẹ́ ẹnikẹ́ni, kí ló ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ sí?

Púlọ́mbà tí mo wá pè ni èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-ti-tán, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn, nígbà mìíràn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pàápàá. Ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ síǹkì, nítorí náà gbogbo ohun tó wà lókè síǹkì ló tún ṣe. Ó we tépù funfun mọ́ ẹ̀rọ omi lọ́rùn bí ẹni tó ń di ojú ọgbẹ́, ó ní ó ti tán, ó gbowó, ó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, garawa kún. Mo tún lọ pè é, ó we tépù lórí tépù, ó ní ó ti tán. Garawa tún kún. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó wo ìsàlẹ̀, ó ní etí lòun fi ń mọ ibi tó ń jò, òun kì í lo ojú. Ó dẹ etí sílẹ̀, ó mi orí, ó ní ó ti tán. Òótọ́ ló sọ. Sùúrù mi ló tán.

Ìgbà yẹn ni o ní kí n gbé fóònù sókè kí ìwọ fúnra rẹ lè rí ibi tó ń jò. Mo gbé e sókè, o ní etí mi nìkan lò ń rí. Mo bi ọ́ pé báwo ni n ó ṣe gbọ́ ohun tí ò ń wí bí n kò bá gbé e sétí. O mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn lo wá rán ọkùnrin kan wá sínú fóònù láti kọ́ mi. Ó kí mi dáadáa, ó ní káàbọ̀. Èmi náà kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dáhùn, mo ní bóyá iṣẹ́ ń kán an lójú ni. Ó ní kí n mú sípánà. Mo ní kó dúró dè mí, mo lọ wá a lẹ́yìn ilé, nígbà tí n ó fi padà dé ó ti tú páìpù tirẹ̀, ó ti dè é padà, ó ń nu ọwọ́. Irú ìwàǹwára wo nìyẹn? Bó ṣe fẹ́ máa lọ ló ní kí n má gbàgbé láti tẹ agogo tó wà nísàlẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi, mo rá wọ abẹ́ síǹkì náà, mo fọwọ́ tá gbogbo igun ibẹ̀, mo rí kànrìnkàn àtijọ́, mo rí ìdérí ìkòkò tí a ti wá tì, n kò rí agogo. Níbi tí mo ti ń wá agogo ni fóònù ti yọ̀ bọ́ sínú garawa. Ọkùnrin náà ṣì sọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú omi, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ pé ó dùn mí.

Ní gbogbo àsìkò yìí, n kò káwọ́ gbera. Ní àràárọ̀, mo máa ń fa garawa náà jáde, n ó gbé e sókè tìrora-tìrora, n ó da omi rẹ̀ sínú síǹkì, n ó sì dá garawa padà sábẹ́. N kò ní tíì kúrò nílé ìdáná tí n ó ti tún bá omi nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo tilẹ̀ bá omi náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní ìyàwó mi ti lọ, kí ló tún kù tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Ibi tí mo ti ń da omi lọ́wọ́ ni aránṣọ ti gbé ṣòkòtò mi dé níkẹyìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí bí mo ṣe dà á, ó wò mí bí mo ṣe gbé garawa padà sábẹ́, ó gbá férémù ilẹ̀kùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ rò pé ihò síǹkì yìí ń gbà lọ? Mo ní ó ń lọ síta, níbo ni ì bá tún gbà? Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní inú páìpù tó tẹ̀ bí ìwọ̀ yẹn ló ń gbà kó tó jáde, páìpù náà ló sì ń jò, garawa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣé ẹ ti wá rí i báyìí, ẹ̀ ń fi omi ránṣẹ́ sí ara yín ni! Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Mo kàwé dé kíláàsì kẹfà, ọmọ mi, mo sì gba ipò kejì.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní Ìyá kò da omi náà síbẹ̀ rí. Ó ní ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí èmi tó jí, wọ́n máa ń gbé garawa náà sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde, wọ́n á rọra dà á sídìí ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó ní láti ojú fèrèsé lòun ti máa ń rí wọn, wọ́n á tún máa bá igi náà sọ̀rọ̀.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé síǹkì yẹn ti ń jò láti ìgbà pípẹ́. Ṣé o rántí pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi de síǹkì náà mọ́lẹ̀? Ṣé o rántí bí mo ṣe máa ń fi yangàn fún àlejò, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, pé kò jò rí? Ìyá yín á dúró síbẹ̀, á máa fi aṣọ nu àwo, á ní òótọ́ ni, kò jò rí. Inú bí mi sí i, kí n má tàn ọ́. Mo jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, mo ní ìwọ obìnrin yìí, kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Mo mọ èsì tí ì bá fọ̀. Ì bá ní bí òun bá sọ ọ́, n ó fẹ́ tún un ṣe, ilé á sì wó lé wa lórí. Mo dúró kí n tún bá a jiyàn, kò sí ẹni tí n ó bá jiyàn.

Ni mo bá dìde. Mo fi àkísà nu gbogbo páìpù náà gbẹ, mo tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń wò. Ibi tí ìwé ti kọ́kọ́ rin, mo wo òkè rẹ̀ gan-an, mo bá aṣọ kan tí a wé mọ́ oríkèé páìpù. Mo tú u. Síńgílẹ́ẹ̀tì mi ni! Èyí aláwọ̀ búlúù tí mo wá títí, tí mo fẹ̀sùn kan aránṣọ pé ó ti gé e fi nu ẹ̀rọ. Ìyá yín ló ya á, ó sì ta á ní kókó bó ṣe máa ń ta okùn irun rẹ nígbà tí o wà ní kékeré, kókó kékeré méjì lórí ara wọn. Aṣọ náà ti jẹrà, kò sí ẹni tó ń tún un so mọ́.

Mo fọwọ́ tú nọ́ọ̀tì oníke tó wà níbẹ̀, rọ́bà róbótó inú rẹ̀ ti sán bí gìgísẹ̀ mi. Mo mú un lọ han oníṣọ́ọ̀bù, mo ra irú rẹ̀ tuntun. Mo kọ́kọ́ fi í sódì, ó jò, mo bú u. Mo tú u, mo yí ojú rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ lásán di nọ́ọ̀tì náà, nítorí ọkùnrin inú fóònù ti sọ ọ́, kó tó kó sómi, pé ẹni tó bá fún un jù yóò là á. Ó ní ìwàǹwára, ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́. Mo dí ihò síǹkì, mo jẹ́ kí omi kún un dé etí, mo ṣí i lójijì kó lè rọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo ìwé ìròyìn. Gbígbẹ ni. Mo tún dán an wò. Gbígbẹ. Mo lọ pe Ó-ti-tán pé kó wá wo iṣẹ́. Ó dẹ etí sílẹ̀, ó ní ṣebí òun ti sọ fún mi.

Ìwọ náà rí i pé kò sí ìdí tí o fi máa wá ti ilé pa. Àmọ́ ohun kan kù. O rántí pé mo sọ fún ọ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ìyá yín ń ṣọ̀fọ̀, pé ewé rẹ̀ ń pọ́n, ó ń já? O ní igi kì í ṣọ̀fọ̀, mo ní ìwọ kò mọ igi. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ni mo mú lọ wò ó. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbé àga lọ sídìí rẹ̀ kí àwa méjèèjì lè jọ ṣọ̀fọ̀ pọ̀. Òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́! Mo jókòó tì í láti ọjọ́ yìí wá, mo ń bá a kẹ́dùn, n kò fún un lómi. Síǹkì tí kò sì jò mọ́ kò ní rí nǹkan kan fún un, èmi fúnra mi ni mo ti ń bu omi sí i láti ọjọ́ tí aránṣọ ti là mí lójú.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó garawa tuntun ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ní ọwọ́ irin, nítorí okùn yẹn ń gé mi lọ́wọ́. Má fi í sínú fóònù o. Fi lé awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá lọ́wọ́. Bí o bá sì rí i pé fóònù tuntun yẹ mí, n kò ní kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ọkùnrin yẹn wà nínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ wá, máa bọ̀, ìwọ àti àwọn ọmọ, ẹ wá bá mi jẹun, kí ẹ sì padà sílé yín.

Ohun tí ẹ bá fọwọ́ dè kò ní tú. Ẹni tí yóò máa bo àṣírí yín bí ìyá yín ti bo tèmi kò ní wọ́n yín. Ewé tuntun méjì ti yọ lórí igi náà láàárọ̀ yìí, àní mo tún lọ wò ó kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Bàbá rẹ ni. Ní àràárọ̀, kí n tó bọ́jú, n ó máa gbé omi lọ sídìí rẹ̀.