Lẹ́tà Tó Gbẹ̀yìn Nọ́ńbà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi nílé-ẹ̀kọ́ yìí. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mò ń jókòó sí, nítorí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ẹ. Oòrùn máa ń ta síni lójú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ń ṣẹ́jú lójú oòrùn, wọn kì í bi í ní ìbéèrè.

Olùkọ́ wa fún wa níṣẹ́. ("Díẹ̀díẹ̀" ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ tó fi ń parí gbogbo gbólóhùn nìyẹn.) Ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlélógún fún yàrá tí àwọn tó ń kọ́ nípa ilé kíkọ́ ti ń yàwòrán. Ṣé ti orí tábìlì ni kí wọ́n rà, àbí alágbèéká? Kò sí káàdì àwòrán nínú èyíkéyìí. Apá tó ń yàwòrán wà nínú ṣíìpù, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀. Méjì-méjì la ó ṣe é. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó sọ ohun tá a rí.

Mo pẹ́ dé síbí, mo ti pàdánù ìdánwò àkọ́kọ́. Bí èyí bá tún fọ́, màá tún ọdún yìí kà látìbẹ̀rẹ̀.

Kò ní fọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Wọ́n so mí mọ́ ọmọ kíláàsì kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Asọ̀rọ̀-má-mí ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. "Àlejò" lòun ń pè mí. Ó ní iṣẹ́ ti parí: "Nọ́ńbà kan náà ló wà lára ṣíìpù méjèèjì. Ìbejì ni wọ́n! Ká ní kí wọ́n ra alágbèéká, kí wọ́n máa gbé e kiri. Ó tán." Ó ṣí àwòrán ilé alájà mẹ́ta lórí méjèèjì, ó yí i po fún ìṣẹ́jú méjì. Bákan náà ni wọ́n ṣe sáré. Ó bá lọ jẹun.

Mo ní nǹkan láti sọ. Mi ò sọ ọ́. Lẹ́tà U kékeré kan wà lẹ́yìn nọ́ńbà ti alágbèéká. Ti orí tábìlì ò ní in.

Ọjọ́rú, 5

Mo ka ìwé àlàyé ṣíìpù méjèèjì. Iná tí wọ́n gbà fún ti orí tábìlì láti jẹ: wáàtì márùndínláàádọ́rin. Ti oní-U: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìbejì wo nìyẹn?

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo ṣí àwòrán ilé náà lórí méjèèjì, mo dá jókòó tì wọ́n ní yàrá iṣẹ́. Aago lọ́wọ́.

Ìṣẹ́jú márùn-ún — ìbejì lóòótọ́. Mẹ́jọ — fáànù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tí wọ́n gba àga mọ́ lọ́wọ́. Méjìlá — mi ò lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé abẹ́ rẹ̀ pẹ́. Mẹ́rìnlá — mo yí ilé náà, ògiri kan kọ́kọ́ yí, òrùlé ń bọ̀ lẹ́yìn. Títí dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò bọ̀ sípò mọ́. Ti orí tábìlì? Bíi pé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ó yé mi. Apá tó ń ṣírò àti apá tó ń yàwòrán, ilé kan ni wọ́n jọ ń gbé, abọ́ kan ni wọ́n jọ ń jẹ. Lórí tábìlì, ilé fẹ̀, abọ́ kún. Nínú alágbèéká, bí ara bá ti gbóná, ṣíìpù á bu oúnjẹ kù kó má bàa jóná. Àwòrán lebi ọ̀hún máa ń hàn lára rẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjì! Bí ẹni wo ojú àlejò lẹ́nu ọ̀nà, tó ní òun ti mọ ìwà rẹ̀.

Jímọ̀, 7

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Asọ̀rọ̀-má-mí? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ fún ẹlòmíì. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sórí bébà, mi ò fi àmì kankan sí i: i-g-b-a. Mo tì í sí i, mo ní kó kà á.

"Igbá."

Mo fi orí sọ pé rárá.

"Igba? Ọgọ́rùn-ún méjì?" Rárá. "Ìgbà, bí àkókò? Àbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ! Ah-ah, Àlejò, o ò fi àmì sí i, ṣé kí n lá a lálàá ni?"

Mo na ìka sí U ẹ̀yìn nọ́ńbà.

Ó wo bébà, ó wo U náà. "Àmì ohùn," ló wí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 8

Àǹtí, ẹ̀gbọ́n màmá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀: "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́." Mo ní mo gbọ́, mà. Wọ́n ní, "O tún ti dákẹ́."

Ọjọ́ Ajé, 10

Èmi àti Asọ̀rọ̀-má-mí jọ jókòó ti alágbèéká, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó sọ̀rọ̀ fún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú rẹ̀. Òrùlé fà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó ní, "Ìgbín rèé!" Òun ló máa sọ̀rọ̀ ní Jímọ̀, èmi ni màá di aago mú. Gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ti mú alágbèéká.

Ọjọ́rú, 12

Bóyá wọ́n nílò láti máa gbé e kiri lóòótọ́? Mo lọ wo yàrá ìyàwòrán. Tábìlì tí wọ́n fi irin dè mọ́lẹ̀. Fèrèsé mẹ́rin, méjì ò ṣí. Fáànù òkè kan, kò yí. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ kan bó ṣe máa ń pẹ́ tó níbẹ̀. (Mo bi í o. Ẹnu èmi yìí.) "Wákàtí mẹ́rin. Jọ̀ọ́, má rán mi létí."

Jímọ̀, 14

Asọ̀rọ̀-má-mí sọ ọ́, ó sọ ọ́ dáadáa. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. "Lẹ́tà kan ṣoṣo!" Díẹ̀díẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká gbé ẹ̀rọ méjèèjì síwájú, kí gbogbo wa jókòó tì í. Díẹ̀díẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá — kò sí nǹkan. Méjìdínlógún — kò sí nǹkan. Ogún. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn, "Ẹ kí ìyá ìbejì!" Asọ̀rọ̀-má-mí yíjú sí mi. Mo wo òkè. Éésì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù tààrà sórí tábìlì ọ̀hún.

Mo dìde.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá wa pa éésì. Yàrá ìyàwòrán ò ní."

"Kí ló wí?" "Sọ̀rọ̀ sókè, jàre!"

Mo tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn mi kọlu ògiri, ó padà wá bá mi. Díẹ̀díẹ̀ wò mí bíi pé àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló sọ̀rọ̀. Ó pa éésì. "Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn, díẹ̀díẹ̀." Gbogbo kíláàsì kérora.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, wọ́n ti ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Mẹ́tàlá, ògiri kan yí, òrùlé dúró. Díẹ̀díẹ̀ fọwọ́ kan abẹ́ alágbèéká, ó yára fà á kúrò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yege. Ti orí tábìlì ni màá kọ ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n rà." Kò fi "díẹ̀díẹ̀" parí rẹ̀.

Bí mo ṣe ń jáde, ẹnìkan tí mi ò bá sọ̀rọ̀ rí ké láti ẹnu ọ̀nà: "Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú! Ó di Ọjọ́ Ajé o!"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

"Ó di Ọjọ́ Ajé o," mo dáhùn. Sókè.