Ìgò Méjì Ìyá Sífáwù

Èbúté Ìkòròdú,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ ilé kéú, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ibi tí mo wà. Mo kí Ìyá mi, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ẹ̀pẹ́. Rábíù àbúrò mi ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan, bí ojú bá tilẹ̀ ń tì í fún mi. Mo ti fún àwọn oníwèé ìròyìn ní ẹ̀dà rẹ̀, torí àwọn tó ń kọ́ àgbà níwèé pọ̀ báyìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe ohun tí mo ṣe.

Ara mi le. Iṣẹ́ èbúté náà ni mo ṣì ń ṣe: mo ń ka apẹ̀rẹ̀ ẹja àti ọkọ̀ iyanrìn bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀. Òjò ọdún yìí kò fẹ́ dá. Yàrá mi ń jò níbi mẹ́ta, abọ́ méjì ni mo sì ní, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan ẹní mi kì í gbẹ. Ṣílè mẹ́wàá tí mo fi rán ọlọ́kọ̀ Ẹjìnrìn sí yín, mo mọ̀ pé kò tó. Ẹ fara mọ́ ọn.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ìjọba mú mi láti máa kọ́ kíláàsì àgbà lẹ́yìn ìrun aláásárì. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ni wọ́n wò. Wọ́n kó wa jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń kọ nóòtì ẹ̀kọ́: ète ẹ̀kọ́, ohun èlò, ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ léra, ìbéèrè níparí. Ète ni wọ́n fi ṣíwájú. Ẹni tó ń kọ́ wa ní kí a máa bi ara wa pé, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe nígbà tó bá dìde tí kò lè ṣe nígbà tó jókòó? Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo fa ilà sí i nídìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé kíláàsì, ohun tí mo kọ síwájú ète ni “Láti parí ẹ̀kọ́ kẹsàn-án.” Lọ́jọ́ kejì, “Láti parí ẹ̀kọ́ kẹwàá.” Iṣẹ́ tèmi ni mo ń kọ, mi ò kọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀kọ́ ọgbọ̀n ló wà nínú ìwé tí wọ́n ní kí a fi kọ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógún ló wà níwájú mi, páálí ṣọ́ọ̀kì kan ni wọ́n fún mi fún oṣù mẹ́fà. Ẹ mọ̀ mí. Mo ṣírò ṣọ́ọ̀kì tó kan ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé kò ní tó, mo bá dín ìkọ̀wé ojú pátákó kù. Mo ń kà, wọ́n ń gbè é. Ó rọrùn fún wọn, torí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti lọ sílé kéú rí, wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ohùn gba ọ̀rọ̀ sórí. Kò pẹ́, tí mo bá ti pe ojú ewé, wọ́n á kà á délẹ̀ láìtàsé. Bàbá Lásísì, àgbàlagbà kan tó ń hun àwọ̀n, máa ń sọ pé ojú òun ti gbó kí ìwé tó dé, ẹnu òun ni kò tíì gbó, kí n jẹ́ kí ẹnu máa bá ojú kàwé. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Bàbá, ẹ̀yin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá ti fi ohùn ka wàláà rẹ̀ tán, ẹ ó fi ọwọ́ bo òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ ó fi igi tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín, ẹ ó ní kó sọ ohun tó jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní fọ wàláà kọ ẹ̀kọ́ tuntun lọ́jọ́ náà. Ọdún márùn-ún ni mo fi jókòó níwájú igi yẹn. Mo rò pé ti ilé kéú nìyẹn, pé kíláàsì ìjọba ní ọ̀nà tirẹ̀.

Ìyá Sífáwù ló mọ ìwé náà jù nínú wọn. Ẹja ló ń yan ní èbúté, ọkọ rẹ̀ ń wa iyanrìn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Sífáwù, ọmọ ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀, mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe. Ó ní kí òun lè ka ohun tí wọ́n ń kọ sára ìgò oògùn, torí ó ti rẹ òun láti máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kó ní sùúrù, pé ẹ̀kọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni a ti máa ka ìwé tí a fi ọwọ́ kọ. Nígbà tí a débẹ̀, ọjọ́ kan péré ni mo fún ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀gá ẹ̀kọ́ àgbà ń bọ̀ wá wò wá, mo sì fẹ́ kó bá wa níparí ìwé. Ó bá wa níbẹ̀. Ó pe Ìyá Sífáwù dìde, ìyẹn kà láti ewé kìíní dé ìkẹta, ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Mo sọ lójú gbogbo wọn pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe obìnrin yìí ní aláìmọ̀wé mọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ibà mú Sífáwù, kúrúnà sì ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ gba oògùn ní ilé ìwòsàn, ó mú ìgò méjì dání láti ilé bí gbogbo wa ti ń ṣe. Wọ́n rọ oògùn ibà sínú ọ̀kan, wọ́n rọ oògùn kúrúnà tí a ń fi pa ara sínú èkejì, àwọn méjèèjì funfun bí omi ògì. Apòògùn lẹ ìwé mọ́ wọn, ó fi ọwọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá. Àṣà ibẹ̀ ni pé, fún ẹni tí kò mọ̀wé, wọ́n máa ń so òwú dúdú mọ́ ọrùn ìgò tí kò ṣeé mu. Apòògùn ti mú òwú lọ́wọ́. Ó bi í bóyá ó mọ̀wé. Ìyá Sífáwù ní òun mọ̀wé, pé kíláàsì tíṣà èbúté ni òun wà. Inú apòògùn dùn sí i, ó dá òwú padà sínú àpótí.

Nígbà tó délé, ó wo ìgò méjèèjì títí. Kò sí àwòrán lókè ìwé náà bíi ti ìwé ẹ̀kọ́ wa tí yóò fi mọ ibi tí òun ti máa bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé ló mọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ojú tì í láti padà lọ so òwú, ojú sì tì í láti bi aládùúgbò, torí gbogbo wọn ti gbọ́ pé ó mọ̀wé. Ó rò pé òun rántí èwo ni apòògùn kọ́kọ́ nà sí òun. Ó fún ọmọ ní síbí kan lọ́sàn-án, ó tún fún un ní ìrọ̀lẹ́. Oògùn kúrúnà ló fún un. Gìrì mú un. Wọ́n gbé e padà, àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Ó kú lọ́jọ́ kejì, a sì sin ín kí ìrun aláásárì tó tó.

Mo lọ kí ìyá rẹ̀. Mo ní kó gba kádàrá. Kò sunkún. Ó wò mí, ó ní: “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ sọ pé mo ti mọ̀wé.” Ọkọ rẹ̀ ló ní kí n máa lọ, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo gé páálí sí wẹ́wẹ́, mo fi ọwọ́ kọ ohun tí ènìyàn ń bá pàdé sí wọn: má ṣe mu, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ọkọ̀ Ẹjìnrìn, ewu wà níbí. Mo ń pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má bàa gbè fún ẹnìkejì. Nínú mẹ́tàlélógún tó kù, márùn-ún ló lè kà á. Bàbá Lásísì di páálí tirẹ̀ mú títí, ó dá a padà fún mi, ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé márùn-ún ló mọ̀wé. Ọ̀gá ẹ̀kọ́ àgbà wá fúnra rẹ̀. Ó ní ìwé ẹ̀rí mẹ́rìnlélógún ti wà nílẹ̀, pé àwọn ènìyàn ńlá ń bọ̀ wá pín in, kí ni mo fẹ́ kí òun fi ìyókù ṣe? Ó ní ikú ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé, ohun tí Ọlọ́run kọ ni. Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló kọ nóòtì ẹ̀kọ́ mi. Ó ní tí n kò bá yí márùn-ún náà padà, òun á wá ẹlòmíràn. Mi ò yí i, ó sì ti wá ẹlòmíràn.

Àwọn mẹ́sàn-án ló ń wá bá mi báyìí lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan ẹja. Owó kò sí níbẹ̀. Mo bi oníkálùkù pé kí ló fẹ́ lè kà, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń falẹ̀. Lóṣù kan, ọ̀rọ̀ mọ́kànlá péré ni Bàbá Lásísì mọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n níbikíbi tí mo bá kọ wọ́n sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ìwé ẹ̀rí, mò ń ka apẹ̀rẹ̀ ẹja ní etí omi, mo ń gbọ́ ohùn kíláàsì láti ibẹ̀. Wọn ò tàsé. Wọ́n sọ fún mi pé orúkọ Ìyá Sífáwù ni wọ́n kọ́kọ́ pè, pé wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tó jáde.

Bàbá, ẹ bá mi ṣe àdúà fún ọmọ náà, kí ẹ sì fi ìyá rẹ̀ sí i. Kí Ọlọ́run fún un ní ohun tí èmi ò lè fún un. Kó dá ẹ̀mí yín sí, kó má jẹ́ kí ẹ rí ìbànújẹ́ lórí ìkankan nínú wa. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ kéú, ẹ bá mi kí Ìyá mi dáadáa. Ẹ sọ fún un pé mò ń jẹun.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùráínà.