Mo Ní Mi Ò Mọ̀ Wọ́n Rí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu ti ń gbọ́ oògùn, àti pé ẹ ti gba awò ojú yín tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín ka lẹ́tà yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi kà á fún yín.

Mo parọ́ fún yín, sà. Ọdún kẹrin rèé tí ẹ ti ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ yín pé ìwé ilẹ̀ ni ọmọ yín lọ́yà ń ṣe, torí ohun tí mo sọ fún yín nìyẹn. Mi ò ṣe ìwé ilẹ̀ kankan rí. Àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún ni mò ń gba ẹjọ́ wọn rò. Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì wa, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Fáìlì ti gba orí àga débi pé ìdúró lẹni tó bá wá bá wa ń dúró.

Ẹ mọ ìdí tí mi ò fi lè sọ. Látìgbà táwọn adigunjalè ti pa àbúrò yín, ẹ kì í fẹ́ gbọ́ àánú apànìyàn létí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ ìsìnkú, tí ẹ sọ pé, "Ẹni tó bá bá wọn bẹ̀bẹ̀, òun náà wà lára wọn." Kò kúrò létí mi dòní.

Mẹkáníìkì lẹni tí mo gba ẹjọ́ rẹ̀ rò lọ́dún yìí. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ jà, ó la irin mọ́ ọ̀gá náà lórí, ìyẹn sì kú. Kò fìgbà kan sẹ́. Ohun tí mo bẹ ilé ẹjọ́ ni pé kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má yẹgi fún un. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá rẹ̀ máa ń rọra gun àtẹ̀gùn wa wá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Wọ́n á ní kí n máa jẹun dáadáa, kí àwọn èèyàn má lọ rò pé èmi ni mo wà lẹ́wọ̀n.

Lóṣù tó kọjá, èmi àti ìyá àfẹ́sọ́nà mi lọ ra bàtà. Irọ́ ìwé ilẹ̀ yẹn náà ni mo ti pa fún wọn. Mo ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà nígbà tí ìyá mẹkáníìkì wọlé, tí wọ́n gbé bàtà tó já dání. Bí wọ́n ṣe rí mi, ojú wọn tàn. "Lọ́yà mi! Ọmọ mi ní kí n kí yín. Ó ní látìgbà tẹ́ ẹ ti dá sọ́rọ̀ òun lòún ti ń rí oorun sùn."

Ìyá àfẹ́sọ́nà mi yíjú sí mi. Mo ní, "Ẹ ṣì mí mú, mà. Mi ò mọ̀ yín rí."

Ìyá mẹkáníìkì ò bá mi jiyàn, sà. Wọ́n wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n wò mí, ọ̀rọ̀ sì yé wọn. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ojú mi ni ò ríran mọ́," wọ́n bá gbé bàtà wọn tó já jáde.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, wọ́n tún wá sí ọ́fíìsì. Mo ti ń retí èébú. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, pé ìyàwó àbúrò àwọn, tí wọ́n jọ ń gbé, tó bá rí àwọn lójú títì, ṣe ló máa ń sọdá sí òdìkejì. "Ó ti mọ́ mi lára." Bàbá mi, ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Èmi tí mò ń sọ fún adájọ́ pé kó wo ọmọ wọn bí èèyàn, èmi ni mi ò lè kí ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo ti lọ jẹ́wọ́ fún ìyá àfẹ́sọ́nà mi. Wọn ò tíì pè mí látìgbà náà.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, adájọ́ yí ìdájọ́ ikú náà padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bọ̀ mí lọ́wọ́, àmọ́ ìyìn yẹn ń jó mi lára bí ata.

Ẹ̀yin ló kù. Mi ò ní kí ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá ní kí n má tíì wálé, màá gbà. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má tún bá mi pa irọ́ tí ẹ ò mọ̀ pé irọ́ ni.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó sì máa tù yín nínú lórí ẹni tí ẹ pàdánù.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn yín, tí ojú ń tì.

Àfikún: Mo sọ ikú àbúrò yín fún ìyá mẹkáníìkì, kí wọ́n lè mọ ohun tí mò ń sá fún. Wọ́n wá ní, "Ẹ bá mi sọ fún bàbá yín pé mo bá wọn kẹ́dùn àbúrò wọn. Ṣùgbọ́n bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò bá yẹ kó ti ọ̀dọ̀ mi wá, ẹ má jẹ́ iṣẹ́ náà." Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó kọ ọ́ síbí.