Ìdí Tí Mo Ṣì Fi Ń Mú Ẹ́ńjìnnì Gbóná Láràárọ̀

                                        Ojúlé 9, Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìkọ̀lé-Èkìtì,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
                                        12 Oṣù Kìíní, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ọyẹ́ yìí. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ bàbá Tósìn ti fúyẹ́? Ṣé Tósìn ti padà síléèwé? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyàwó mi ń kí yín, Fẹ́rànmí ọmọ wa sì ní ẹ̀wù Kérésì tí ẹ rán sí òun ti fún òun. Oúnjẹ ló fà á.

Mo gbọ́ pé ẹnì kan ti pè yín pé Bàbá wa mọ́tò lọ́jọ́ Ajé, àti pé ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti mú wọn lọ sí Ìbàdàn. N kò bínú, àmọ́ ẹ kúkú mọ̀ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ gbọ́ tèmi náà.

Láti ìgbà tí Bàbá ti ń fi Pijó kérò lọ sí Adó ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tó bá fi ẹ́ńjìnnì tútù rìn yóò fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé. Nítorí náà, láràárọ̀ ni mo máa ń sítáàtì mọ́tò mi, màá fi kọ́kọ́rọ́ sí i lára, màá wọlé lọ bá ìyàwó mi gbàdúrà. Tí a bá fi máa ṣàmín, mọ́tò ti gbóná. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, mo sì gbà á. N kò rò ó pé mò ń fi í sílẹ̀ fún wọn níta lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó mi ló gbàdúrà, ẹ sì mọ bí tirẹ̀ ṣe máa ń gùn. Nígbà tí a lajú, mọ́tò kò sí, Bàbá kò sí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọlọ́kadà kan ló ní òun rí wọn lọ́nà Àsìn, ni mo bá gun ọ̀kadà rẹ̀. Mo bá mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà, kò fara pa, Bàbá sì jókòó sórí ebè. Wọ́n ní, “Oko mi ni mo wá wò. Ulé ti sú mi.” Nígbà tí mo ń wà wọ́n bọ̀, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ò rí obìnrin kan tó ru igi, àfìgbà tí obìnrin náà fò sínú koríko. Nígbà tí a délé, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé mọ́tò lọ fún Ògúntádé, mẹkáníìkì mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ó wá ní mọ́tò ìsinsìnyí kò nílò kéèyàn mú un gbóná títí. Ìṣẹ́jú kan ti tó, kódà nínú ọyẹ́, kéèyàn ṣáà rọra wà á níbẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní wàhálà ti tán nìyẹn.

Mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ Rú, mo bá Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti dé fìlà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wo ojú mi. Àánú wọn ṣe mí. Mo ti géètì pa, mo ní kí wọ́n jókòó sí àga dírẹ́bà, mo jókòó tì wọ́n, àwọn fúnra wọn sì sítáàtì rẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní bẹ́líìtì kan ń ké. Mo padà lọ bá Ògúntádé: òótọ́ ni, ó ti fẹ́ já.

Láti ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti Bàbá nìyẹn láràárọ̀. Wọ́n tún ti ń jẹun dáadáa. Epo tó ń jó dà nù kò dùn mí. Ẹ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ó gúnyán dè yín, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wa. Láàárọ̀ yìí, kí n tó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, Bàbá ti fọwọ́ ara wọn gbé òkúta méjì síwájú táyà kí mọ́tò má baà lè rìn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síwèé fún yín.

Ẹ bá mi kí bàbá Tósìn àti Tósìn fúnra rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí yín,
Akínlolú