Wọ́n Ní Ṣé N Ò Ní Ìyá Ni

Màmá mi,

Ara mi le ní Recife, mo sì ń jẹun yó. Inú ló ń bí mi. Bí àwọn ará Brazil bá fìdí rẹmi nínú géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín, wọ́n á ní ká tún un ṣe. Àmọ́ àwọn ọmọ Kòríà tiwa! Àṣìṣe kan péré ni mo ṣe lánàá, ni ọ̀kan bá kọ ọ́ sí mi pé, "Ọ̀dẹ̀, ṣé o ò ní ìyá ni?" Bí wọ́n ṣe ń bú gbogbo èèyàn nìyẹn. Mo ní, "Ìyá mi wà ní Busan, ara wọn le koko!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà márùn-ún ni mo ti pè yín lórí fóònù, tọ̀sán-tòru. Àbúrò mi Sun-ok ṣáà ń sọ pé ẹ ń sùn.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé irọ́ ni mo pa fún ọ̀dẹ̀ yẹn.

Dal-su