Ilé Tí Sìdíkátù Wà

Èmi Ismaël ni mo ń kọ ìwé yìí ní Bouaké nílẹ̀ òkèèrè. Bàbá Nùrẹ́nì, tí kò mọ̀wé, ló ń sọ ọ́ fún Àmọ̀sù, àbúrò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Àmọ̀sù, ara mi le dáadáa. O ránṣẹ́ pé kí n má ra ilé níbí, kí n máa gbé ilé onílé títí n ó fi wálé. Mo ti rà á. Ilé tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀ náà ni. Atẹ́gùn ń wọlé, pàápàá níbi tí páànù ti ṣí.

Nígbà ogun, tí a kò lè gbé òkú dé itẹ́ òkú, ẹ̀yìnkùlé yìí la sin Sìdíkátù ìyàwó mi sí. Onílé gbà fún wa. Òun náà ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta ilé fún ẹni tí yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀yìnkùlé.

Ramatou ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ gba yàrá ládùúgbò Nimbo. Màmá ò gbọ́ yín mọ́."

Mo ní, "Ìwọ lọ. Baoulé àti Dioula ni aládùúgbò ń sọ. Ta ni yóò máa kí i ní Yorùbá láàárọ̀?"

"Ẹ̀yin àti orí kunkun yín!" Ó sunkún.

Owó tí mo fẹ́ fi wálé ló bá ilé yìí lọ. Fún ọmọ rẹ ní yàrá mi nílé bàbá wa, kó fi gbéyàwó.

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí wọ́n bá bèèrè ìgbà tí mo ń bọ̀, sọ pé mo ti di onílé.

Bàbá Nùrẹ́nì tẹ àtàǹpàkò síbí. Ẹlẹ́rìí: Ramatou ọmọ rẹ̀, Qoyyum aládùúgbò rẹ̀.